Ìránṣẹ́ Tó Ń Kíni Kó Tó Jíṣẹ́

Ẹni tó bá rí mi nídìí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Ayétòrò, yóò rò pé fóònù mi ló bàjẹ́ tí mo wá wá ẹni tí yóò bá mi tún un ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Eyín mi mélòó kan ti lọ. Awò ojú mi ti di méjì, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ọ̀nà. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo jókòó sí, mo ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó ti sùn nínú Olúwa fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ọmọ náà lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sì padà wá sílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Èkó tó ti bá a rí iṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé, orúnkún kò sì jẹ́ kí ìyá náà lè rìn dáadáa mọ́. Ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ kí àdúgbò yọ̀ǹda yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn fún òun, kí òun máa kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kí òun sì máa gbé pẹ̀lú ìyá òun.

Ìgbìmọ̀ àdúgbò ló ni yàrá náà. Àga oníke àti kánópì ni wọ́n fẹ́ máa kó síbẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ náà jù mí lọ dáadáa. Iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkó ló ṣe nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba, títí di òní yìí kò sí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní fi ojú ẹni tó ń wá kòkó tó bu wò ó. Nígbà tí mo bá ọmọ mi lọ bẹ̀ ẹ́, ó fetí sílẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ló wí pé:

“Tíṣà, èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹn kọ́ ènìyàn. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n. Kí ó kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀yin àgbà ná. Bí ẹ bá lè fi ohun kan hàn wá tí yóò wúlò fún àgbẹ̀ kí òjò tó fìdí múlẹ̀, yàrá di tirẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i ṣe, àga wa ni yóò wọlé síbẹ̀, òjò ti ń pa wọ́n tipẹ́.”

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ iléèwé padà. Ìyàwó mi tẹ̀ lé mi. Ó ní ibi tí mo bá ti fẹ́ lọ fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́, òun kò ní jẹ́ kí òun máa gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu ará ọjà. Ẹnì kẹta wa ni ọ̀rẹ́ mi Alájì, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìlárá. Alájì kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún kọ̀ǹpútà. Ohun tó wá fún ni fáànù tí ọmọ náà so mọ́ sólà.

Èdè tí ọmọ náà fi kọ́ wa láti máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ jẹ́ ti àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó gbà kí a fún ohun tí a bá dá sílẹ̀ lórúkọ Yorùbá, bí a bá ti yọ àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ ni a ń ṣe, a sì ń ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ni a kan fọ́ńṣọ̀n.

Ọmọ náà ṣàlàyé pé fọ́ńṣọ̀n dà bí ẹni tí a máa ń rán níṣẹ́. A ó kọ ohun tí yóò máa ṣe sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó fún un lórúkọ. Ìgbàkígbà tí a bá pe orúkọ yẹn, tí a sì kó ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ lé e lọ́wọ́, yóò lọ ṣe é, yóò sì mú èsì padà wá fún ẹni tó rán an.

“Òjíṣẹ́ nìyẹn,” mo wí.

Alájì gbójú sókè. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Òjíṣẹ́ tí èmi mọ̀, bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, àdúrà là ń ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí n máa ṣàdúrà fún ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ọ̀sán.”

“Ẹ pè é ní ìránṣẹ́,” ìyàwó mi wí. “Ìránṣẹ́ kò ní wàhálà.”

Bí ó ṣe di ìránṣẹ́ nìyẹn.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mímú èsì padà wá. Gbogbo wa ló kọ ìránṣẹ́ tó ń gbé èsì sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà kí gbogbo ayé lè rí i, a sì rò pé iṣẹ́ parí. Ọmọ náà ní kò tíì parí. Ó wo ojú wa, ó rí i pé kò yé wa, ó sì fẹ́ fi àpẹẹrẹ hàn. Ìṣòro wá dé. Kò sí ẹni tó lè rán níṣẹ́ nínú yàrá náà, nítorí gbogbo wa la ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi rán Bàbá níṣẹ́.”

“Irú ọjọ́ yìí ni mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ,” ìyàwó mi wí. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Bàbá wa, ẹ lọ ka igi ọsàn tó wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn, kí ẹ wá jẹ́ kí n mọ iye rẹ̀. Ẹ má dúró bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ.”

Mo dìde, mo lọ sídìí fèrèsé, mo ka igi náà. Mo dúró síbẹ̀, mo pariwo rẹ̀ pé, “Méje ni.”

Ọmọ náà ní ohun tí ìránṣẹ́ wa ń ṣe gan-an nìyẹn. Gbogbo ilé ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá tó ránni níṣẹ́ ṣófo. Bí Màmá bá fẹ́ mú méje náà kó fi ṣe iṣẹ́ mìíràn, kò rí nǹkan kan mú. Ó fún mi ní ègé pépà, ó ní kí n kọ iye náà sí i, kí n rìn padà, kí n fi lé Màmá lọ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè náà fún èyí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí ìránṣẹ́ dá èsì padà síbi tí wọ́n ti pè é.

Mo kọ ọ́. Mo rìn padà. Nígbà tí mo dé iwájú ìyàwó mi, mo tẹ̀ díẹ̀, mo wí pé, “Ẹ kú ìjókòó o, Màmá. Èsì yín rèé, méje ni,” mo sì fi pépà náà lé e lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ìyàwó mi dáhùn bí ayaba. “Ẹ lè jókòó.”

Alájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa. Mo rí i pé ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un, lẹ́yìn náà ló pa ẹnu dé, ó ní, “Ó ti yé yín, Bàbá,” ó sì yí padà sí pátákó.

Nígbà tí ọ̀ràn náà wá yé wa tán lójú ara wa, a yan iṣẹ́ tí a máa fi han ìgbìmọ̀. Ìmọ̀ràn Alájì ni. Ní àgbègbè wa, bí àsìkò ẹ̀gẹ́ bá dé, ohun tó ń da àgbẹ̀ láàmú ni iye igi ẹ̀gẹ́ tí yóò wá. Ẹni tó bá wá púpọ̀ jù, èyí tó kù yóò gbẹ mọ́ ògiri lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ẹni tó bá wá díẹ̀, yóò dúró láàárín oko tó ti kọ ebè sí, yóò máa fóònù kiri. Alájì ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa sọ ọ́. Kí àgbẹ̀ sọ iye ìlà ebè tó wà lóko rẹ̀ àti iye ebè tó wà lórí ìlà kan, kí ẹ̀rọ sì sọ iye ìdì igi ẹ̀gẹ́ tí yóò lọ wá.

Ọmọ náà pín iṣẹ́ náà fún wa. Ìránṣẹ́ tèmi yóò sọ ìlà di púpọ̀ pẹ̀lú ebè orí ìlà kan, yóò sì mú iye gbogbo ebè wá. Ìránṣẹ́ Alájì yóò gba iye ebè lọ́wọ́ tèmi, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí igi méjì là ń kì bọ inú ebè kan. Ìránṣẹ́ ìyàwó mi yóò gba èyí lọ́wọ́ ti Alájì, yóò sì pín in sí ìdì, igba igi gígé sí ìdì kan. Kálukú lọ sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀ láti kọ tirẹ̀.

Mo fara balẹ̀ kọ tèmi. Mo ti kọ ìsọdipúpọ̀ náà, ó ku kí n kọ ohun tí yóò dá padà. Mo wò ó. Nọ́mbà lásán ni. Ìránṣẹ́ mi yóò rìn dé iwájú ẹni tó rán an, yóò na nọ́mbà bí ẹgbẹ̀ta sí i, yóò sì dákẹ́. Katikísì ni bàbá mi. Nílé wa, bí wọ́n bá rán ọmọ lọ bu omi wá, tó gbé ife dé láìkí ẹni tó fẹ́ mu ún, wọn yóò ní kó gbé e padà lọ sídìí àmù, kó tún un gbé wá bí ènìyàn. Mo wá fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣáájú nọ́mbà náà. Nígbà tí mo pe ìránṣẹ́ mi pẹ̀lú ogún ìlà àti ọgbọ̀n ebè, èsì tó mú wá ni: “Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ebè yín jẹ́ 600.”

Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó ní ìyẹn dára, òun náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Alájì ti ṣe tirẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà, ó sì ń béèrè ará ilé.

Ọ̀sẹ̀ tí ìgbìmọ̀ máa wá wò ó ni a tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sórí ẹ̀rọ kan. Ọmọ náà tẹ ogún, ó tẹ ọgbọ̀n, ó ní kí a máa wò. Ó kọ́kọ́ pe tèmi àti ti Alájì nìkan. Ohun tó jáde sójú gíláàsì rèé: “Àlàáfíà fún yín, ará ilé ń kọ́? Igi yín jẹ́ Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ebè yín jẹ́ 600Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ebè yín jẹ́ 600.”

Alájì sún mọ́ ọn, ó fi ìka tẹ̀ lé e kà.

“Ó kí wa lẹ́ẹ̀mejì,” Alájì wí. “Ó mọ ìwà hù.”

“Ìsọdiméjì tí ẹ kọ ló ṣe,” ìyàwó mi wí. “Ẹgbẹ̀ta ló yẹ kó sọ di méjì. Ìkíni ló rí lọ́wọ́ Bàbá wa, ìkíni ló sọ di méjì.”

Ọmọ náà fi ti ìyàwó mi kún un. Ẹ̀rọ kò tilẹ̀ gbìyànjú. Lẹ́tà pupa ló kún gbogbo ojú gíláàsì.

“Ṣé ẹ rí ohun tí ẹ ṣe fún mi?” ìyàwó mi yíjú sí àwa méjèèjì. “Báwo ni kí n ṣe pín ẹ-kú-iṣẹ́-oko sí ìdì?”

Ọmọ náà ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé bí a bá lè yọ ìkíni náà, kí ìránṣẹ́ dá nọ́mbà nìkan padà, yóò lọ geere. Mo ní rárá. Mo ní àwọn tó ń bọ̀ wá wò ó, kò sí ẹni tí kò tó bàbá rẹ̀ nínú wọn, a kò ní kó ẹ̀rọ tó ń na nọ́mbà sí àgbà bí ẹni ń sọ òkò síwájú wọn. Alájì gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi máa kíni tí yóò sì tún máa ṣírò.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Kò burú bẹ́ẹ̀.”

Ó burú bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mí, kò lè sọ fún mi lójú mi pé mo ti ṣe é bàjẹ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó bo wọ́n láṣọ, a sì túká.

Nílé, ìyàwó mi ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Mo yà lọ́dọ̀ ìyá ọmọ yẹn. Ọmọ náà ti fọ báàgì ńlá rẹ̀, ó sá a sórí okùn.”

“Báàgì a máa dọ̀tí,” mo wí.

“Ẹni tó bá ń fọ báàgì, ẹ rò pé ibo ló ń lọ? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Èkó tún ti pè é. Ó ti mọ̀ pé ìfihàn yẹn kò ní yọrí sí rere. Kò kàn lè sọ ọ́ fún yín ni.”

Mo ní ọ̀la ni a ó sọ ọ́.

Ọ̀la yẹn, oko Alájì ni mo wà. Wọ́n ti fa ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ibi ìrin gàrí, ṣùgbọ́n òjò àárọ̀ ti sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀, ọkọ̀ kò lè wọlé. A wá tò láti ẹsẹ̀ oko dé ojú títì, a ń gba agbọ̀n láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọkọ ọmọ Alájì tó ti ìhà Kétu wá, ní òdìkejì bodè, ló wà láàárín èmi àti Alájì. Ìgbéyàwó náà kò tíì pẹ́. Ó jẹ́ ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ilé gan-an.

Mo na agbọ̀n àkọ́kọ́ sí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. “Mẹ̀sí, Bàbá,” ó fi Faransé dúpẹ́. “Ẹ kú agbára.” Mo dáhùn. Ó yí padà sí àna rẹ̀, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀ kí ó lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó fọwọ́ kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó dìde, ó gbé agbọ̀n, ó ní, “Ẹ gbà, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Alájì dáhùn, ó súre fún un, ó gbà á. Nígbà tí ó fi máa yíjú padà sí mi, agbọ̀n ti kún ẹsẹ̀ mi, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì ti ń béèrè pé kí ló dé.

Ó tún tẹ̀ ba fún èkejì. Ó tún kí mi. Ó tún lọ sínú ẹrẹ̀.

“Àna mi,” Alájì wí, “fi ìdọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ ná.”

“Sà?”

“Agbọ̀n ni kó o fún mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbà á lọ́wọ́ Tíṣà, fi lé mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ. Bí ọkọ̀ bá kún, a ó lọ jókòó sábẹ́ igi, wàá wá kí mi títí yóò fi tẹ́ ọ lọ́rùn.”

Ojú ti ọkùnrin náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó gba agbọ̀n, ó na agbọ̀n. Ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí omi. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́ láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí ẹlòmíràn fín.

A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí Alájì tó pè mí láti ẹ̀gbẹ́ kejì ọkùnrin náà.

“Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún àna mi lẹ́ẹ̀kan?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni.”

Nígbà tí ọkọ̀ kún, a lọ sábẹ́ igi. Ọkùnrin náà fọ ọwọ́ àti ojú, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àna rẹ̀ àti fún èmi náà. Ó kí wa kú iṣẹ́, kú òòrùn, kú ẹrẹ̀, ó bá àwọn ará ilé rẹ̀ kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíni náà gùn. Mo gbádùn gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí Alájì ti kírun tán, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá ọmọ náà nínú yàrá. Mo ní kí ó jókòó sórí àga mi. Kò fẹ́ jókòó nígbà tí mo dúró. Ìyàwó mi fà á jókòó.

“Sọ bí o ṣe fẹ́ kí a ṣe é,” mo wí. “Má wojú wa.”

Ó wo ilẹ̀ dípò ojú wa, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ó ní kí àwọn ìránṣẹ́ tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún máa na nọ́mbà lásán sí ara wọn, kí èyí tó gbà lè rí i lò. Kí a wá dá ìránṣẹ́ kẹrin sílẹ̀, èyí tí yóò gba èsì tó kẹ́yìn, tí yóò jáde wá bá àlejò. Òun ni kí ó máa kíni.

“Kí ó sì kíni dáadáa,” Alájì wí.

“Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ, sà.”

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìránṣẹ́ kẹrin. Mo pa ìkíni inú tàkọ́kọ́ rẹ́, kò sì dùn mí tó bí mo ṣe rò. Nígbà tí a pè wọ́n, gbogbo wọn ṣiṣẹ́, ti ẹ̀yìn sì jáde: “Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ oko o, ẹ̀yin bàbá wa. Ìdì igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ máa wá jẹ́ 6.0.” Àmì róbótó kékeré àti òfo tó tẹ̀ lé mẹ́fà yẹn, a rò pé ọ̀ṣọ́ ẹ̀rọ ni. Òòrùn ti lọ, sólà ti rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgbìmọ̀ dé. Alága wà níwájú, wọ́n gbé àga fún un sí ìdojúkọ gíláàsì gan-an. Ìyá ọmọ náà wá pẹ̀lú, ó fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. A ṣàlàyé ohun tí a kọ́. Alága ní òun kò fẹ́ àlàyé púpọ̀, oko òun ni kí a fi wò ó. Ìlà méjìdínlọ́gbọ̀n, ebè márùndínlógójì lórí ìlà kan. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un.

Ẹ̀rọ kí i. Ó jókòó gbọnrangandan nígbà tó rí ìkíni náà, mo rí i pé ó wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà ló ka èyí tó kù.

“Ìdì mẹ́sàn-án,” ó wí. “Kí ni àmì yìí, kí sì ni mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e?”

Mo wo Alájì, Alájì wo ìyàwó mi.

“Ṣé ìdì mẹ́sàn-án ni kí n wá, àbí mẹ́jọ? Àbí mẹ́jọ ni ẹ̀rọ fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ mi?”

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú gíláàsì bí ìgbà tí ọbẹ̀ bá jóná nígbà tí àlejò ti jókòó. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọmọ náà. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ń dúró kí ọ̀kan nínú àwa àgbà sọ ọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ ọ́n.

“Olùkọ́ wa ni yóò dáhùn,” mo wí.

Ó bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó kí ìgbìmọ̀, ó sì dìde.

“Ìdì mẹ́sàn-án àti púpọ̀ nínú ìdì kẹwàá ni, sà. Kò pé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó ju mẹ́sàn-án lọ.”

“Ta ló máa fún mi ní ìdì tí kò pé ní Ìlárá?”

“Kò sí, sà. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó sọ mẹ́wàá.” Ó yíjú sí ìyàwó mi, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. “Màmá, ibi tí a ti ṣì í nìyí. Ìránṣẹ́ yín ń pín in dáadáa, ṣùgbọ́n bí kò bá pé, ó yẹ kó gòkè sí ìdì tó tẹ̀ lé e kó tó dá a padà. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe.”

Ọmọdébìnrin ti sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, níṣojú ìgbìmọ̀, pé ó ṣì í. Ìyàwó mi fa àga rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

“Ibo ni kí n tẹ̀?”

Ọmọ náà kò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyàwó mi ń wá lẹ́tà, ó ń rí i, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Alága ń tẹ̀ síwájú lórí àga títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gèlè ìyàwó mi. Nígbà tí a tún pè é, ó kí wa, ó sì sọ mẹ́wàá, láìsí àmì, láìsí òfo.

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ wí pé, “Ọmọ yìí mà bá ìyàwó Tíṣà wí.”

“Kò bá mi wí,” ìyàwó mi dáhùn. “Ó kọ́ mi ni. Ẹ ò rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n báyìí?”

Alága ṣì ń wo mẹ́wàá náà. Ó pẹ́ kí ó tó fara ti ẹ̀yìn àga.

“Tíṣà,” ó wí, “ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé a ó wá ibòmíràn kó àga wa sí. Yàrá ti di tirẹ̀.”

Ọmọ náà wà láàárín èmi àti Alága, bí mo bá na ọwọ́ mo lè fi kan èjìká rẹ̀. Mo yíjú sí i, mo sì sọ fún un pé Alága ní kí n sọ fún un pé yàrá ti di tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó kúnlẹ̀ fún Alága, ó sì lọ kúnlẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, n kò gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọdé ló ni yàrá náà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́rú báyìí. Àwa àgbà ti bọ́ sí ọjọ́bọ̀, Alága sì ti di ẹnì kẹrin wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọ ìránṣẹ́ tuntun kan tí yóò máa sọ iye àgbàdo tí a ó bù sí poro kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì, mo sì ti ń yin ara mi. Ọmọ náà ń rìn kọjá lẹ́yìn mi. Ó dúró, ó tẹ̀ ba lórí èjìká mi, ó fi ìka kan ojú gíláàsì.

“Bàbá, ẹ ti ṣì í níbí yìí.”

Mo wọ awò ojú mi ti ìwé, mo sì pa ìlà náà rẹ́.